Ẹnìkejì Mi Ṣì Ń Fọwọ́ Sí I

Alága ìjókòó, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà lápá ọ̀tún mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin àna mi, ẹ̀yin tí ẹ kàn bá wọn wá, ẹ káàbọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí n tó sọ ohunkóhun, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì fẹnu kan omi tó wà nínú jọ́ọ̀gì lórí tábìlì yín. Àbúrò mi lẹ́nu iṣẹ́, tó ń gbapò mi, ti lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Kó tó dé, ẹ jẹ́ n dágbére ìfẹ̀yìntì mi.

Ilé-omi kékeré ni tiwa: kànga kan, ẹ̀rọ kan, àti àwa méjì tí à ń bá a fa wàhálà. Ẹnìkejì mi, ẹgbẹ́ mi tí gbogbo yín ń pè ní Bàbá Ẹ̀rọ, mọ ẹ̀rọ yẹn ju bó ṣe mọ ìyàwó ẹ̀ lọ. Ìyàwó ẹ̀ ló jókòó níwájú yẹn, ẹ bi í! Èmi ni mo máa ń kọ ìkìlọ̀ nígbà tí omi bá bàjẹ́. Láyé ìgbà yẹn, ìkìlọ̀ mi máa ń gùn débi pé kẹ́ ẹ tó kà á tán, ẹ ti mu omi ọ̀hún. Ẹ dárí jì mí. Ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan ló kó wa yọ. Á bi ọ́ pé kí ló ṣẹlẹ̀, àdúgbò wo ni, kí ni kí wọ́n ṣe? Á wá to ọ̀rọ̀ náà lọ́nà tó máa yé ọmọdé, á fi ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ará àdúgbò. Ṣùgbọ́n kò ní fi ránṣẹ́ àfi tí ẹlòmíì bá fọwọ́ sí i. Nítorí náà, màá kà á sókè, Bàbá Ẹ̀rọ á dijú, á ní, "Mo gbọ́, ó yé mi," á wá tẹ bọ́tìnì pé òun fọwọ́ sí i. Mo máa ń rò pé ó ń sùn ni. Kò sùn rí.

Ẹ mọ bó ṣe fi wá sílẹ̀ lójijì. A sin ín, a sì yọ orúkọ ẹ̀ kúrò lórí ìkànnì náà. Kò pẹ́ sígbà yẹn, páìpù ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé bẹ́. Mo kọ ìkìlọ̀, mo sì kà á sókè sí àga ẹ̀ tó ṣófo, torí ó ti mọ́ mi lára. Kí n tó dìde lọ wá ẹlòmíì, mo rí i lójú kọ̀ǹpútà: "Ẹnìkejì ti fọwọ́ sí i." Mo pe àwọn tó ni ìkànnì náà. Wọ́n ní, "Màmá, ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀ o."

Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Kí wọ́n lè ní orí mi ti dàrú? Láti ìgbà náà, mo ń kà á, ó ń fọwọ́ sí i. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n inú mi tún máa ń dùn pé mi ò dá wà.

Láàárọ̀ yìí, mo ṣí ìkànnì náà kí n fi han àbúrò mi. A bá ìkìlọ̀ kan níbẹ̀ tí kì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́: "Omi gbọ̀ngàn ayẹyẹ ti bàjẹ́. Ẹ má mu ún. Ẹ má fún ọmọdé." Nísàlẹ̀ ẹ̀, "À ń retí ẹnìkejì." Mo rò pé ẹnì kan ló ń bá mi ṣeré. Ìgbà tí mo wọ ibí tí mo rí jọ́ọ̀gì níwájú àwọn ọmọ-ọmọ mi ni mo rán àbúrò mi lọ yẹ táǹkì gbọ̀ngàn yìí wò.

Òun ló ń wọlé bọ̀ yẹn. Sọ ọ́ sókè, àbúrò mi, kí gbogbo wọn gbọ́. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ? Òkú ẹyẹ ló kún inú táǹkì. Ẹ rọra gbé ife yẹn sílẹ̀, ẹ gbà á lọ́wọ́ ọmọ yẹn. Ẹ ṣeun.

Ẹ̀yin èèyàn mi, omi ò ní pa yín lára. Ẹlẹ́dàá ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ ṣàìrí ẹni tó máa pe àkíyèsí yín lásìkò. Ẹ ó pẹ́ fún ara yín.

Iṣẹ́ kan ló kù fún mi. Lónìí, ẹnìkejì mi ló kọ ìkìlọ̀ yẹn, èmi ni ẹnìkejì ẹ̀. Bàbá Ẹ̀rọ, mo gbọ́, ó yé mi.

Ẹ má bẹ̀rù. Fóònù gbogbo yín ló ń dún yẹn, kọ̀ǹpútà sì wà ní ọ́fíìsì tí mo tì pa. Ẹ kà á. Ẹ ṣé o.