Aago Tí Joshua Dá Dúró Nítorí Ìrun

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì Ìkọ̀lé, ẹ jókòó, ẹ má tíì to pátákó. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí nínú láti èṣí, apá mi ò ká a mọ́. Ọ̀mì tí èmi Nùrúdíìnì àti Joshua ará Ìrè ta, ojóóró ni.

Ẹ rántí pé ọjọ́ Jímọ̀ ni. Bí Joshua bá borí, òun ni yóò ṣojú ìpínlẹ̀ wa. Bí a bá ta ọ̀mì, èmi ni, nítorí máàkì mi fi díẹ̀ ju tirẹ̀ lọ. Ó sì ti há ọba mi mọ́ kọ̀rọ̀. Ìgbà tí ìrun tó, èmi ló kàn, aago tó ń ka ìṣẹ́jú mi ń sáré. Adéyínká tó ń darí ìdíje ní òfin ò gbà ká dá aago dúró. Joshua fúnra rẹ̀ ló nawọ́ tẹ̀ ẹ́ pa. Ó ní, "Lọ kírun rẹ, Nùrú. Tó o bá dé ọ̀hún, dárúkọ èmi náà."

Mo dé mọ́sálásí, mo ṣe àlùwàlá. Kí n wọlé ló kù, ni ọwọ́ mi bá lọ sápò. Ìkà ni mí. Mo lúgọ sẹ́yìn ògiri, mò ń gbọ́ ohùn lèmọ́mù, mò ń to ayò wa sínú fóònù kó lè bá mi wá ọ̀nà àbáyọ. Fóònù ní kí n fi ayaba mi há Joshua lẹ́nu: dandan ni kó pa á, tó bá sì pa á, n kò ní ibi tí mo lè rìn mọ́, ọ̀mì nìyẹn. Mo padà, ẹsẹ̀ mi ṣì tutù, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀. Joshua wo pátákó títí, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní, "Ọlọ́run gbọ́ tìrẹ. Uṣẹ́ rẹ̀ ni."

Ǹ bá máa pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ inú. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní Ọ̀yẹ́, ẹnì kan kọ̀ láti dá aago dúró fún Mùnírà ọmọ ẹgbẹ́ wa nígbà ìrun. Joshua dìde. Ó ní, "Mo dá a dúró fún Nùrúdíìnì. Àdúrà ló lọ gbà, kò rẹ́ mi jẹ." Èmi ló fi ṣe ẹ̀rí, wọ́n sì gbà. Ojú tì mí débi pé n kò lè wò ó.

Adéyínká, mú ìwé èṣí wá, pa ọ̀mì yẹn rẹ́, kọ ọ́ pé mo pàdánù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má tìtorí mi kọ̀ láti dá aago dúró fún ẹlòmíràn. Joshua tó jókòó síbẹ̀ yẹn, foríjì mí. N kò dárúkọ rẹ lọ́jọ́ náà. N kò dárúkọ ara mi pàápàá.