Igi Kẹrin Ilé Ọ̀mùtí

Rárá o, Ìyá Walburga, mi ò jókòó, ẹ má wulẹ̀ fa àga fún mi, ẹ sì gbé kéèkì yẹn kúrò níwájú mi, torí bí mo bá fi kan ẹnu báyìí, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá á bá a wọlé lọ. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń ba orúkọ òkú jẹ́ nílùú yìí, òkú tí kò lè dìde wí tẹnu ẹ̀, ẹ wá ní kí n jẹ kéèkì.

Ẹ gbọ́ ná. Oṣù mẹ́ta rèé tí èmi Gesine ti ń gun àkàbà lára ilé yín tí ẹ ti ń ta búrẹ́dì àti wáìnì yìí, tí mò ń pààrọ̀ igi tó ti jẹrà, tí mò ń fi amọ̀ àti koríko dí àárín igi sí igi. Ojoojúmọ́ ni àwọn tó ń mú àlejò yí ìlú ká ń dúró nísàlẹ̀ mi. "Ilé Ọ̀mùtí rèé, ẹ wo bó ṣe fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Velten káfíńtà ló kọ́ ọ lọ́dún 1587, ó ti yó kó tó gun igi." Àlejò á bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan á sì nawọ́ sí mi lókè: "Ìyẹn ńkọ́, ṣé òun náà ti mu díẹ̀?" Èmi tí mi ò fẹnu kan nǹkan kan ju tíì lọ láti àárọ̀.

Ta ló sọ pé ó yó? Wọ́n ní wọ́n rí i lókè tó gbé ife wáìnì sẹ́nu. Ìyá mi, káfíńtà wo ni kì í gbé ife sẹ́nu lọ́jọ́ tí igi ilé bá dúró tán? Ṣebí ẹ wà níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, nígbà tí mo dúró sórí igi ilé àbúrò yín, mo ṣúre fún onílé, mo mu ife kan, mo sì jù ú sílẹ̀ kó lè fọ́, kí oríire lè wọlé. Ó fọ́, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ṣé èmi náà yó ni? Àbí ẹ fẹ́ kó tó irinwó ọdún kí ẹ tó sọ ọ́?

Mi ò tilẹ̀ bínú tó báyìí títí di àárọ̀ yìí. Àwa káfíńtà, orí ilẹ̀ la ti ń gé igi ilé ká tó gbé e dúró, a ó fín nọ́ńbà sára igi kọ̀ọ̀kan, a ó sì fín ọ̀kan náà síbi tó máa wọ̀ sí, kí igi má baà ṣìnà. Velten fín tirẹ̀ bí ẹni ń kọ̀wé sí àfẹ́sọ́nà. Ìkíní, ìkejì, ìkẹta, gbogbo wọn wà nílé. Mo dé òpó igun, níbi tó yẹ kí igi kẹrin ti dábùú wá gbé òpó ró, ihò lásán ni mo bá. Nọ́ńbà wà, igi ò sí. Ibi tó yẹ kí igi ọ̀hún gbà kọjá gan-an ni fèrèsé ńlá tí ẹ ń to búrẹ́dì sí wà.

Ẹ má wo ilẹ̀, mi ò tíì parí.

Igi tó dáa, kò sẹ́ni tí í jù ú nù: mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ yín, mo wo ohun tí àgbá wáìnì jókòó lé. Igi óòkù dúdú kan ni, ojú ayùn nídìí rẹ̀, nọ́ńbà kẹrin lórí rẹ̀. Mo yí àgbá kúrò, mo fi èjìká gbé igi gòkè, mo ki orí rẹ̀ bọ ihò. Ó wọ̀ pẹ́kí.

Ta ló wá gé e? Mo ká òdòdó tí ẹ fi bo òkè fèrèsé. Wọ́n gbẹ́ ẹ síbẹ̀ gàdàgbà: "Jost Ebeling, oníbúrẹ́dì, ló ṣe fèrèsé yìí lọ́dún 1741." Ebeling. Kí lorúkọ bàbá tiyín? Ilé tó dúró ṣinṣin fún ohun tó ju àádọ́jọ ọdún lọ, bàbá ńlá yín gé e lẹ́sẹ̀ kí ìlú lè rí búrẹ́dì òun, òun ò sì mutí o, ojú ẹ̀ dá ṣáṣá.

Kí lẹ wí? Pé ìtàn yẹn làlejò fẹ́? Pé ta ló máa wá mu wáìnì ní Ilé Ẹni Tí Ojú Ẹ̀ Dá? Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, inú ṣì ń bí mi. Ẹ ti ya Velten sí pátákó iwájú ilé pẹ̀lú imú pupa, mo fara mọ́ ọn, ọ̀dà lásán ni, òjò á wẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n Sátidé ni olórí ìlú ń bọ̀ wá kan ti idẹ mọ́ ògiri, "Velten ọ̀mùtí" ni wọ́n kọ sí i. Ta ló máa wẹ idẹ? Inú ilé tí Velten kọ́ ni wọ́n ti bí yín, ẹ̀yin lẹ ó sì dúró síwájú tí ẹ ó máa pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀yin lonílé, ẹ pe ọ́fíìsì olórí ìlú lónìí, kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò. Bí ẹ ò bá pè wọ́n, mi ò ní jà. Ìwé iṣẹ́ tí ẹ fọwọ́ sí fún mi sọ pé kí n dá ilé padà sí bó ṣe wà níbẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ Sátidé, kí olórí ìlú tó dé, n ó dí fèrèsé búrẹ́dì, n ó dá igi kẹrin padà sáyè ẹ̀.

Ẹ̀n-ẹ́n. Fóònù wà lẹ́yìn yín.

Ẹ ti pè wọ́n? Wọ́n gbà? Ó dáa, ẹ gbé kéèkì yẹn padà wá. Kí ni? Wáìnì kẹ̀? Pẹ̀lú àlejò tó kún ojú pópó yìí? Ìyá Walburga, ẹ̀yin náà ò ní yé rín mi lẹ́rìn-ín. Ẹ bù ú wá. Ṣùgbọ́n inú ife tíì ni kí ẹ bù ú sí.