Oògùn Ọjọ́rú

Ní ọdún tí oògùn wọ́n bí ojú, mo jókòó ti àbúrò mi ní wọ́ọ̀dù pàjáwìrì kan ní Àkúrẹ́, mo sì ń gbọ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe ń bá ìyá àgbà kan láti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ wí, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé débẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta.

“Màmá, ṣebí gbogbo Ọjọ́rú ni mò ń wá wọn ẹ̀jẹ̀ yín nílé, tó sì máa ń dáa?”

“Kò ṣe ní dáa? Mo máa ń lo oògùn dè yín ni.”

“Ẹ ń lò ó dè mí kẹ̀?”

“Bó bá ti di Ọjọ́rú, mo máa ń gbálẹ̀, mo máa ń wẹ̀, mo máa ń lo oògùn. Ṣé kí àlejò wá bá mi bákan ni?”

“Àwọn ọjọ́ yòókù ńkọ́?”

“Ta ló ń bọ̀?”

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí níbi tí wọ́n ti ń du ẹ̀mí.

“Màmá, èmi kọ́ ni ẹ̀jẹ̀ ń ru o! Lójoojúmọ́ ni kí ẹ máa lò ó.”

“Háà! Oògùn oṣù kan á wá tán lóṣù kan nìyẹn!”

“Oògùn ni kó tán, màmá, kí ẹ̀yin ṣẹ́kù.”