Ìwé Iṣẹ́ Àmínù Tí Mo Gbé Pamọ́

Àsàlámù àlékùn, gbogbo ilé. Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jẹ́ kí n jókòó sọ ọ́, orúnkún mi ò gba ìdúró pípẹ́.

Èmi ni mo bí ìyá Àmínù, èmi náà ni mo tọ́ Àmínù. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́jọ tí ibà mú un lọ, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Mùínàt tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti wá bá mi lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà náà, pé kí n fún òun ní ìwé tí Àmínù ń kọ iṣẹ́ sí. Mo ní rárá. Ìkọ̀wé ọmọ mi ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Mọ́ńdè làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bọ̀ wá wo èsì ìdánwò, àtúnṣe tó kù sì wà nínú ìwé yẹn. Bí kò bá parí, ọ̀gá wọn ní òun á pa iṣẹ́ náà tì, òun á padà sí lílẹ èsì mọ́ ògiri. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn.

Ẹ ń bi mí pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Ní ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Táńkẹ̀, kọ̀ǹpútà kan wà tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù máa ń bi ní ìbéèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ nọ́ńbà rẹ̀ nídìí ọ̀kan nínú wọn, kọ̀ǹpútà yẹn á fi èsì ránṣẹ́ sí i. Ètò tó ń mú un dáhùn ni Àmínù ń kọ. Sáfúlẹ́ẹ̀tì ló ń pè é.

Ìgbà tí mò ń lọ sí kíláàsì àgbà, ìwé iṣẹ́ yẹn ló fi ń kọ́ mi ní kíkà. Á kọ ọ́ ní Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, á ní, "Ìyá, ẹ kà á." Mo kà á: "Àdéhùn. Ètò tó bá fẹ́ dáhùn níbí, kó múra bí a bá jí i, kó dá gbogbo ẹni tó bá béèrè lóhùn, kó palẹ̀ mọ́ kó tó lọ."

Mo ní, "Ọkọ mi, báwo ni yóò ṣe múra? Kò sí níbẹ̀."

"Ìyá, ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe ni àdéhùn ń sọ. Bó ṣe máa ṣe é, ẹni tó gba iṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n."

"Ọ̀lẹ ni àdéhùn yìí!"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi da omi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n alágídí ni, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Lọ́dún 1998, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan, Lami, tẹ nọ́ńbà rẹ̀, èsì Talatu, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, ló rí. Wọ́n ní ó féèlì. Bàbá rẹ̀ ní kó padà sóko. Mùínàt ní, "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ yín ló ṣì í." Àmínù ní, "Iṣẹ́ tèmi? Lọ fọ ojú rẹ." Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jà. Ni Mùínàt bá mú èèyàn méjì jókòó, ó ní kí wọ́n tẹ nọ́ńbà wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ńbà ẹnì kejì bo ti ẹnì kìíní mọ́lẹ̀, èsì kan náà ló jáde fún àwọn méjèèjì.

Àmínù wálé, kò jẹun. Ó ní, "Ìyá, ètò kan ṣoṣo ló ń dá gbogbo wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, èmi wá kó nọ́ńbà wọn síbì kan. Bí ìgbà tí mo fi bútà kan ṣe àlùwàlá fún gbogbo mọ́sálásí." Lọ́jọ́ kejì, ó wọ mọ́tò lọ bá bàbá Lami lóko, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Èmi ni mo féèlì, Bàbá, kì í ṣe ọmọ yín." Láti ìgbà náà ló ti ń tún ètò náà ṣe. Lami nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde ilé ẹ̀kọ́.

Láàárọ̀ yìí mo ṣí ìwé náà, mo ní kí n ka èyí tó kọ fún mi gbẹ̀yìn. Ojú ìwé tó gbẹ̀yìn kì í ṣe fún mi. Mo fi ìka tọ̀ ọ́, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì: "Kí nọ́ńbà kálukú wà pẹ̀lú ìbéèrè tirẹ̀. Mùínàt ló rí àṣìṣe yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣí ètò náà fún akẹ́kọ̀ọ́ títí Mùínàt yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò."

Ohun tó kọ nìyẹn. Èmi ni mo gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí fún ọjọ́ mẹ́jọ.

Mùínàt, dìde, wá gbà á. Má sunkún sórí rẹ̀, bírò máa ń ṣàn. Tí o bá ṣe tán, kó o dá a padà o, mi ò tíì kà á tán.

Àmínù, ọkọ mi, ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Máa lọ. Kí Ọlọ́hun fẹ sàréè rẹ, kó tan iná sí i, kó gbà ọ́ bí ọmọ tó ti ọ̀nà jíjìn dé. Ẹ bá mi ṣe àmín.