Koríko Lábẹ́ Páànù

Rárá, Bọ̀ọ̀dá mi, mi ò jókòó, bí mo bá jókòó báyìí mi ò ní lè dìde mọ́, ó ti rẹ̀ mí wọ eegun. Láti Kìṣí ni mo ti ń bọ̀, eruku ọ̀nà ṣì wà nírun mi, mi ò tíì délé mi l'Ágbowó, mi ò tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì mi, ọ̀dọ̀ yín ní Bódìjà níbí ni mo kọ́kọ́ yà sí. Ẹ ní kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ̀yin lẹ ń bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀! Ilé Màámi tó jó ní abà ló ṣẹlẹ̀. Èmi àbúrò yín, tí wọ́n ń pè ní Àbẹ̀ḿbí Oníná báyìí, òun ló ṣẹlẹ̀.

Ẹ ti gbọ́ pé ó jó? Ẹ gbọ́, ẹ sì jókòó síbí? Háà. Olúwa mi o.

Ìyàwó wa, ẹ má ṣèyọnu, mi ò jẹ ìrẹsì, omi nìkan ti tó. Ẹ ṣeun.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí, kò sí ariwo kankan nínú mi mọ́ tí mo lè pa. Ta ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ páànù? Èmi ni. Mi ò sẹ́. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, bí ọyẹ́ bá ti dé, tí ìgbẹ́ gbẹ, tí àwọn ọdẹ ń dáná sungbó nítorí ọ̀yà, n kì í sùn dáadáa n'Íbàdàn níbí, torí mo mọ̀ pé abà ìyá wa ò jìnnà sí igbó, mo sì mọ̀ pé bẹẹrẹ ni wọ́n fi bo ilé náà, koríko gbígbẹ lásán. Màámi ò sì fẹ́ kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní ibẹ̀ ni bàbá wa kú sí, ibẹ̀ làwọn náà ó kú sí. Ó dáa. Bí wọn ò bá kúrò lábẹ́ òrùlé, kí òrùlé kúrò lórí wọn. Ṣé mo ṣìwà hù níbẹ̀?

Mo rìn. Ẹ̀yin ò rìn. Mo lọ sí Dùgbẹ̀, mo lọ sí Ìwó Road, mo ń wádìí bí ẹni tó fẹ́ fọmọ fọ́kọ. Ọ̀kan ní kí n ra àsíbẹ́sítọ̀sì bíi tiyín yìí, mo ní ta ni yóò gbé e dé Kìṣí lójú ọ̀nà kótókòtò yẹn tí kò ní fọ́? Òmíràn fi àlúmíníọ̀mù gbọọrọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yẹn hàn mí, ó ń dán, ó wù mí, àmọ́ mo fọwọ́ kàn án, ó fẹ́lẹ́ jù fún ohun tí mo ń bẹ̀rù. Páànù onírin tó nípọn ni mo mú, èyí tí iná bá ta bà tí yóò kú síbẹ̀. Mánsúrù káfíńtà, ọmọ Kìṣí tó ń ṣiṣẹ́ nídìí pákó ní Bódìjà yìí, òun ló bá mi yàn án, òun náà ló tẹ̀lé mi lọ sílé. A ti jọ fẹnu kò pé koríko yẹn gbọ́dọ̀ wálẹ̀ tán kí páànù tó gòkè.

Mánsúrù sì ti gòkè, ó ti ń já koríko bọ̀, kí Baálé ilé wa tó gbé ọ̀pá wọn dé. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, ẹ má díbọ́n, Kérésìmesì ni, ẹ wálé. Àbúrò bàbá wa ni wọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ ṣé ẹ rántí ohun tí wọ́n wí? Wọ́n ní bí a bá já òrùlé lórí opó, kí layé ó máa sọ? Pé ìdílé ti lé ìyàwó olóògbé. Wọ́n ní ẹni tí ìlú bá fẹ́ lé là ń já òrùlé lé lórí, pé ojú àwọn kọ́ ni wọn ó ti já òrùlé ilé ẹ̀gbọ́n àwọn nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ṣì ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Bàbá arúgbó sọ tẹnu wọn, ó yé mi. Ìtìjú ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Bí a bá fẹ̀sọ̀ ṣàlàyé fún wọn, tí Màámi bá kó lọ sọ́dọ̀ wọn fún ìwọ̀n ọjọ́ tí iṣẹ́ bá gbà, ṣé wọn ò ní gbà ni?

Ẹ̀yin ni mo ń bínú sí. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé dé òkè òkun, tí gbogbo ilé ń wojú yín. Ẹ kàn rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Àbẹ̀ḿbí, rọra, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ẹ ní kí wọ́n kúkú kan páànù lé koríko lórí, Baálé á rí òrùlé wọn, Àbẹ̀ḿbí á rí páànù rẹ̀, kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ ò tẹ́ lọ́rùn. Wọ́n ní Akínbíyì ti parí ọ̀rọ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún yín! Màámi gúnyán. Mo ní, Bọ̀ọ̀dá mi, koríko ṣì wà lábẹ́ ẹ̀ o. Ẹ ní ṣé iná á la irin kọjá ni? Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, títí kan àwọn ọmọ. Ẹ wọkọ̀ padà s'Íbàdàn, ó tán lọ́wọ́ yín.

Iná ò la irin kọjá o. Etí òrùlé ló gbà wọlé, níbi tí koríko ti yọ irùngbọ̀n sílẹ̀ lábẹ́ páànù. Àwọn ọdẹ ló tiná bọ igbó, ọyẹ́ gbé e, ọ̀sán gangan ni, Màámi ń pa ẹ̀gúsí níta. Wọ́n ní èéfín làwọn kọ́kọ́ rí tó ń yọ láàárín páànù àti ògiri, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fa tábà. Àwọn ará abà sáré pọnmi, wọ́n ń dà á sórí ilé. Ẹ bá mi rò ó, níbo lomi yẹn gbà? Orí páànù ló gbà, ó ṣàn bọ́ sílẹ̀ bí òjò, kò kan iná níbì kankan. Páànù tí mo rà pé kó gba ìyá wa lọ́wọ́ iná, òun ló wá ń gba iná lọ́wọ́ omi! Ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n ní kí wọ́n já a, Mánsúrù ti kàn án dáadáa, kò já, irin ti gbóná. Màámi fúnra wọn fọwọ́ mú etí rẹ̀, wọ́n fẹ́ fà á ya kí wọ́n lè ráyè yọ àpótí aṣọ bàbá wa. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún bó, Bọ̀ọ̀dá mi. Ọwọ́ tí wọ́n fi wẹ̀ wá. Wọn ò lè di ṣíbí mú, èmi ni mo ń fi ẹ̀kọ sí wọn lẹ́nu títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Ẹ nu ojú yín. Mo ti sun ẹkún tèmi tán lọ́nà.

Ṣé ẹ rò pé ibẹ̀ ló parí sí? Baálé pe gbogbo ilé jọ, wọ́n ní láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n àwọn ti bo ilé yẹn, koríko wọn ò jó rí, àfìgbà tí páànù Ìbàdàn dé. Màámi ń mi orí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Màámi mi! Wọ́n ní, "Àbẹ̀ḿbí, o ṣeun, ṣùgbọ́n má rà á mọ́." Ìyàwó Theophilus, aládùúgbò wọn, tó ti ń tọ́jú owó páànù tiẹ̀, ó ti fi ra ewúrẹ́. Wọ́n ti gé bẹẹrẹ tuntun, Bọ̀ọ̀dá mi, mo fojú mi rí i, wọ́n kó o jọ gègèrè lẹ́bàá ilé tó jó, kí òjò tó dé wọn ó ti bò ó. Ìyá wa ni wọ́n fẹ́ dá padà sábẹ́ koríko létí igbó yẹn, bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ ọdún tó ń bọ̀ ò ní ṣàìdé. Bí iná bá tún dé, tó sì bá wọn lójú oorun nínú yàrá ńkọ́?

Mo ní mo máa ra páànù míì, kí wọ́n jẹ́ kí n kàn án láìsí koríko lábẹ́ ẹ̀. Baálé ní kí n kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì ná. Mo kúnlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi tí mi ò ṣẹ̀, mo kúnlẹ̀ sínú eérú, mo bẹ̀ wọ́n, mo dìde, wọn ò gbà síbẹ̀.

Ẹ ní ẹ ó fowó ránṣẹ́? Ta ló tọrọ owó lọ́wọ́ yín? Ẹnu yín ni mo wá gbà. Bí èmi bá sọ ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹjọ́ ara mi ni mò ń rò létí wọn. Ẹ̀yin lẹ ní kí koríko wà níbẹ̀, ẹ̀yin ni wọ́n gbọ́ tiyín, àfi kí ẹ fẹsẹ̀ yín dé ọ̀hún kí ẹ sọ fún wọn pé koríko ló jó, pé ẹ̀yin lẹ fi í síbẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ níṣẹ́? Iṣẹ́ wo? Ṣé kì í ṣe pé gbogbo ẹ̀yin olùkọ́ yunifásítì lẹ daṣẹ́ sílẹ̀ ni? Epo ò sí, mo mọ̀, mọ́tò yín ò ní rìn. Ọkọ̀ wà ní gáréèjì, ẹ ó há sáàárín àpò iṣu bíi tiwa, kò ní pa yín. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Kí lẹ wí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Kí wọ́n kan páànù náà ṣùgbọ́n kí wọ́n fi koríko díẹ̀ bò ó lókè, kí inú Baálé lè dùn sí i?

Há! Há-há! Ìyàwó wa, ẹ bọ́ síbí, ẹ wá gbọ́rọ̀ lẹ́nu ọkọ yín! Yéè, ẹ̀gbẹ́ mi o, ẹ̀rín fẹ́ pa mí, bẹ́ẹ̀ mi ò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó dáa. Ó dáa, Bọ̀ọ̀dá mi. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, bí a bá dé ọ̀hún, ẹ má bá ẹnikẹ́ni parí ìjà kankan. Ẹ kàn dúró níwájú Màámi, ẹ wo ọwọ́ wọn, kí ẹ sì sọ pé èmi Akínbíyì ni. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wọ bàtà yín.