Nọ́nọ̀ Tí N Kò Jẹ́ Kó Hó

Ẹ̀yin tí ẹ fi ìbínú kúrò níbi yìgì mi lánàá, tí ẹ ń bèèrè ohun tó la odi lẹ́nu, ẹ gbọ́ ọ báyìí. N kò ní fi bò mọ́.

Bàbá mi kò bí odi. Àtọ́kẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló sọ mí bẹ́ẹ̀. Bí oníbàárà bá dé ìsọ̀ wa ní àdúgbò Commerce, á ní, "Ẹ má bá igi yẹn sọ̀rọ̀, odi ni." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Mo kórìíra rẹ̀ débi pé òórùn ara rẹ̀ ń rí mi lára. Nígbà tó lóyún, wàrà ṣáá ló ń wù ú jẹ, bíi ti Ògbómọ̀ṣọ́, èmi ni mo sì ń ṣe é. Lọ́jọ́ kan, Jénébà, obìnrin Fúlàní tó ń ta nọ́nọ̀ màlúù fún wa, di igbá rẹ̀ mú kó tó bù fún mi. Ó fi orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí pè mí: "Ọmọ Anago, oyún ń wálẹ̀ lára màlúù mi. Sè é kó hó dáadáa o. Aboyún kì í jẹ tútù rẹ̀." Mo mi orí.

Mo gbọ́ ọ yékéyéké! Nọ́nọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni mo da omi ewé bòmubòmu sí i. Ó dì. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láìhó, mo sẹ́ ẹ sínú agbọ̀n. Ó funfun báláú, ojú kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Èmi ìkà yìí kúnlẹ̀ gbé e fún un. Ó jẹ ẹ́, ó lá ìka: "Odi, tòní mà dùn o!"

Ibà dé. Lẹ́yìn ibà, oyún wálẹ̀. Ẹ ní nọ́nọ̀ Jénébà ló fà á, ẹ da igbá rẹ̀ nù lọ́jà, ẹ ní ẹ ó fà á lé gáàdì kọ̀mándà òyìnbó lọ́wọ́. Ó nawọ́ sí mi: "Mo kìlọ̀ fún ọmọ yìí! Ẹ bi í bóyá ó sè é!" Gbogbo yín yíjú sí mi. Mo wolẹ̀. Ààfáà Ṣàkírù rẹ́rìn-ín: "Ìdákẹ́ wúńdíá, bẹ́ẹ̀ ni ló ń jẹ́. Ó sè é." Ẹ sì fi òkò lé Jénébà dé ọ̀nà Djébonoua.

Lánàá, Ààfáà kan náà bi mí bóyá mo gba Yísà lọ́kọ. Mo wolẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín: "Ìdákẹ́ wúńdíá..." Ni mo bá ké: "Rárá! N kò sè é!" Ó rú gbogbo yín lójú. Àtọ́kẹ́ nìkan ló yé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn rẹ̀ mú.

Àtọ́kẹ́, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ jẹ́ kí nọ́nọ̀ hó, kí ẹ sì la ẹnu yín. Ẹ̀yin tó kù, n kò bẹ̀ yín. Mo ń gba ọ̀nà Djébonoua lọ wá Jénébà lówùúrọ̀ yìí. Bí òkò bá kù lọ́wọ́ yín, ẹ mọ ọ̀nà náà.