Òṣé tí Mo Pa fún Ìyá Ọláwuyì

Ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi, ikùn mi ló máa ń ṣáájú mi wọlé báyìí, kò sì yẹ kí n tún máa tọ́jú òótọ́ pa mọ́ sínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti hùwà òpònú, kí ẹ rẹ́rìn-ín, nítorí ẹ̀rín máa tán láìpẹ́. Títí apá fi ń ro mí ni mo fi gún iyán tí Dúpẹ́ ọmọ mi ń gbé lọ fún Ọláwuyì, káfíńtà ará Ọ̀rà, pé bóyá á fẹ́ ẹ. Ó jẹ iyán tán, ó nu ẹnu, ó lọ gbéyàwó ní Òkè-Ìlá. Dúpẹ́ ní, “Màámi, èmi ò tiẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀. Ó máa ń pariwo ẹnu bó bá ń jẹun.”

Ṣùgbọ́n kí Ọláwuyì tó mọ iyán mi, Bọ́lánlé ló fẹ́ fẹ́, télọ̀ tí ògiri kan ṣoṣo pín èmi àti òun níyà ní Ìlá níbí. Ìyá rẹ̀ ti kú. Èmi ló máa ń bi ní gbogbo nǹkan, títí kan bí nǹkan oṣù ṣe ń dé. Ó ní, “Yèyé, ṣé kí n gbà fún un?” Mo ní, “Gbà fún un. Ọkùnrin tó mọ bẹ́ẹ̀dì kàn kò ní jẹ́ kí o sùn nílẹ̀.” Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ọdún 1992 ni ìyá Ọláwuyì wá wádìí, bí ìyá ọkọ ṣe máa ń ṣe. Ó bá mi nídìí ẹ̀gúsí, ó jókòó, ó ń bá mi bó o. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣòótọ́ fún mi. Ilé Bọ́lánlé yẹn, ṣé kò sí àrùn níbẹ̀? Ṣé orí wọn pé?” Kò sí nǹkan kan nílé náà. Ṣùgbọ́n Dúpẹ́ gbé omi kọjá níwájú wa, ó ju Bọ́lánlé lọ lọ́jọ́ orí, ẹnikẹ́ni ò sì tíì béèrè rẹ̀. Nǹkan ta mí láyà. Àgbà kì í la ẹnu pe ilé ẹlòmíràn ní ilé burúkú. Ìdákẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo gbójú sílẹ̀, mo pòṣé, mo ní, “Ẹ jẹ́ ká máa bó ẹ̀gúsí wa.” Obìnrin náà dìde. “Mo ti gbọ́ yín. Ẹ ṣeun, ẹ ò jẹ́ kọ́mọ mi kó sí kòtò.” Ìdí mi ló wúwo, ẹnu mi ò wúwo. Síbẹ̀ mi ò pè é padà.

Èyí tó burú jù ló kù. Nígbà tí Ọláwuyì kò yọjú mọ́, Bọ́lánlé fẹ́ lọ sí Ọ̀rà lọ béèrè ohun tí òun ṣe. Ó tún wá gba ìmọ̀ràn. Mo ní, “Má lọ. Ọmọ gidi kì í tọ ọkùnrin lẹ́yìn.” Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ gbọ́ orúkọ mi lọ́hùn-ún. Ẹ̀rù ara mi ni mo pè ní ìmọ̀ràn, ọmọ náà sì kúnlẹ̀ dúpẹ́. Látìgbà náà, bí ọkùnrin bá fẹ́ ẹ, àwọn èèyàn ọkùnrin náà á ní àwọn gbọ́ pé nǹkan kan wà nílé wọn. Òṣé mi ti dé ilé tí èmi ò dé rí.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bọ́lánlé wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìdòwú, tíṣà kan ní Ìgbájọ, ló ní òun fẹ́ ẹ. “Yèyé, kí ni kí n ṣe?” Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo kúnlẹ̀, èmi tí orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn, mo ní kó dárí jì mí. Mo ní n ó lọ sí Ọ̀rà, n ó lọ sí Ìgbájọ, n ó sọ pé irọ́ ni mo fi òṣé pa.

Kò sunkún. Ó ń tu òwú kan lára ìró rẹ̀, kò wò mí lójú.

“Ẹ dìde, Yèyé. Ìdòwú ń retí èsì. Ta ni kí n wá lọ bi báyìí?”